Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Suwaibat Sí

Ìbéèrè Onoriode dé sórí fóònù Suwaibat ní àárọ̀ ọjọ́rú. Ẹja tí ó ń béèrè nítorí rẹ̀ ti rà láti ọjọ́ ìṣẹ́gun.

"Suwai, àṣàyàn kan wà níbí tí kò yé mi. Ó ní bí kò bá dá mi lójú, kí n sọ pé Rárá. Kò sì dá mi lójú. Abeg, ṣé kí n tẹ Rárá? Àwọn ọkọ̀ ẹja ti dé láti wáàfù, Alájà ń pariwo lé mi lórí. Tètè fèsì."

Ọjọ́ ajé ló kọ ọ́. Kì í ṣe òun ló sì fi ránṣẹ́ sí Suwaibat fúnra rẹ̀. Múyìwá, ọ̀gá ọ́fíìsì, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í sí i láìfi gbólóhùn kan kún un, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ìdọ̀tí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Suwaibat kò tíì mọ̀ pé ẹja kankan bàjẹ́. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì wọn ní Àpápá, níbi tí ó ti máa ń wo àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù wáàfù ní àràárọ̀. Lójú rẹ̀, ẹranko ọlọ́rùn gígùn ni wọ́n, tí wọ́n wá mu omi, tí omi náà kò sì dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Ó yára tẹ èsì sí Onoriode: "Má tẹ Rárá o! Bẹ́ẹ̀ ni ni kí o tẹ̀!"

Kò tíì gbé ìka kúrò lára fóònù tí èsì fi wọlé.

"Ẹja ti rà lánàá. Alájà ti lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. O kú iṣẹ́ o, òǹkọ̀wé."

Ó tún un kà. Èébú ni òǹkọ̀wé yẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì Múyìwá kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n ń ṣe àpótí kékeré kan tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ilé yìnyín, níbi tí àwọn oníṣòwò ń kó òkú-Èkó, ẹja inú yìnyín, sí kó má bàjẹ́. Bí ooru bá ti fẹ́ wọ yàrá, àpótí náà á ké, á sì ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀. Àmọ́ ilé yìnyín kò rí bákan náà. Òmíràn ní ẹ̀rọ méjì, òmíràn ní ẹyọ kan. Òmíràn ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, òmíràn ń pín ti aládùúgbò lò. Nítorí náà, kí wọ́n tó kọ́ ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú àpótí, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilé yìnyín yóò kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn àṣàyàn ló wà níbẹ̀, yóò sì dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá. Èyí tó bá sọ pé Bẹ́ẹ̀ ni sí ni kọ̀ǹpútà yóò kó pọ̀ fi kọ́ ètò náà. Èyí tó bá sọ pé Rárá sí kò ní sí nínú àpótí náà rárá. Ó dà bí ìgbà tí bíríkìlà kọ́lé tí kò yọ ojú fèrèsé: o kò lè kó wọlé tán kí o wá máa fọwọ́ wá ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé.

Abẹ́ àṣàyàn kọ̀ọ̀kan ni àlàyé rẹ̀ máa ń wà, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè mọ ohun tí ó ń tẹ̀. Àlàyé wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ Suwaibat. Kò lọ sí yunifásítì. Ìwé ìtàn tí ó ń yá káàkiri Àjégúnlẹ̀ ló fi kọ́ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀, òmíràn nínú wọn tí ojú ewé tó kẹ́yìn ti já dànù, tí kò sì mọ bí ìtàn náà ṣe parí títí dòní.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àlàyé rẹ̀ gùn. Onoriode ló kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àdúgbò lọ. "Suwai," ó ní, "ohun tí bọ́tìnnì yìí ń ṣe ni mo fẹ́ mọ̀ o. Ìwọ ń sọ fún mi bí òtútù ṣe dà bí aṣọ ìyàwó." Inú bí Suwaibat, àmọ́ ó lọ sí ilé yìnyín Alájà Àdùfẹ́ ní Olódì-Àpápá níbi tí Onoriode ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó tì í, ó ní kí ó máa ka àlàyé kọ̀ọ̀kan sókè. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni Suwaibat ń gé. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Àlàyé wá di kúkúrú: ohun tí àṣàyàn náà ń ṣe, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá kọ̀ ọ́, irú ilé tí kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Múyìwá yìn ín. Ó ní kí orúkọ rẹ̀ máa wà lábẹ́ gbogbo àlàyé náà. Lọ́jọ́ yẹn Suwaibat fẹsẹ̀ rìn láti Àpápá dé Boundary ní Àjégúnlẹ̀, kò wọ kẹ̀kẹ́, ó ń wo ojú àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé gbogbo wọn ti ka ìwé rẹ̀.

Boundary yìí kan náà ló ti bá Onoriode lọ́jọ́rú náà. Ó jókòó níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó ń tú fáànù aládùúgbò kan. Kò gbójú sókè.

"Kí lo wá wò? Ṣé o fẹ́ kọ ìtàn mi ni?"

"Onoriode, àárọ̀ yìí ni mo rí ìbéèrè rẹ. Kí ló dé tí o kò pè mí?"

"Kí n pè ẹ́ kẹ̀? Ṣebí ọ̀gá yín ló ní oníbàárà tó bá pe òṣìṣẹ́ òun tààrà, òun ò ní tún àpótí rẹ̀ ṣe mọ́? Gbogbo ìbéèrè, ọ̀dọ̀ òun. Mo wá pa òfin mọ́, ó di ẹ̀ṣẹ̀."

"Ṣùgbọ́n àlàyé wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀..."

"Níbo?" Sukudiráfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo lo kọ ọ́ sí? Suwai, má jẹ́ kí n bínú níwájú ìyá mi o."

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Ó ti ya àwòrán ojú ìwé náà. Suwaibat kà á: "Ìbẹ̀rẹ̀ aládàáṣe lẹ́yìn ìdákú. Bí kò bá dá ọ lójú, sọ pé Rárá." Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ wà, gàdàgbà: Suwaibat Sàlàkọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí òun kọ síbẹ̀ nìyí: "Bí iná bá lọ tó sì padà, àpótí yìí yóò tún máa ṣọ́ yàrá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé Rárá, kò ní ṣọ́ nǹkan kan mọ́ títí ẹnì kan yóò fi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ sọ pé Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹnì kan ti gé e. Ẹni náà yọ iná kúrò, ó fi ìdákú sí i, ó yí ìmọ̀ràn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú, ó wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ó wí.

"Ó dáa. Ṣé orúkọ ìyá mi ló wà níbẹ̀ ni?"

Onoriode mú sukudiráfà rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó dúró de èsì títí lọ́jọ́ ajé. Páálí ẹja títúsì àti kótè ti kún ẹnu ọ̀nà, oòrùn ń pa wọ́n. Alájà ní bí àpótí tuntun yẹn kò bá tíì lè ṣiṣẹ́, kí ó yọ ọ́ dànù. Ó tẹ Rárá bí ojú ìwé ṣe ní kí ó ṣe, ó kọ́ ètò náà, ó kó ẹja wọlé. Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, iná tún dé. Ẹ̀rọ yàrá kan kò tún gbéra mọ́. Àpótí náà jí ní tirẹ̀, iná ara rẹ̀ ń tàn wìnnì-wìnnì, ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò ṣọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ọdẹ tó lajú sílẹ̀ sùn. Nígbà tí Onoriode máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn alábàárù, omi pupa ti ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn onílé yìnyín Olódì máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Alájà ti sọ tiẹ̀. Ó ní mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, kí n lọ máa ru páálí. Bí àwọn yòókù bá fọwọ́ sí i, kò sí ilé yìnyín tó máa jẹ́ kí n dé ìdí ẹ̀rọ mọ́ ní gbogbo àgbègbè yìí. Ṣó yé ẹ? Àárín yín lẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Èmi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ gbà."

Ìbínú tí Suwaibat gbé padà sí Àpápá kò gbóná. Ó tutù, ó le, ó jókòó sí i láyà bí yìnyín tí kò tíì gba ooru.

Múyìwá wà lórí àga rẹ̀, ó ń bọ́ ẹ̀pà. Kò dà bí ẹni tí nǹkan ṣe.

"Suwaibat, mo ti mọ̀ pé wàá wá."

"Bọ̀dá Múyìwá, ta ló gé àlàyé mi?"

"Èmi ni. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tìẹ. Lọ wo ojú ìwé àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ètò bíi tiwa. Gbólóhùn kan ni. Ẹni tí kò bá dá lójú, wọ́n á ní kó sọ pé Rárá. Mo fi í sí abẹ́ gbogbo wọn kí ó lè dọ́gba. Rárá kì í pani."

"Ní ìlú wọn, iná kì í lọ."

"Ìdí tí mo fi yọ ọ́ nìyẹn gan-an! Àwọn ará Kútọnù tó fẹ́ bá wa ṣòwò máa ka ojú ìwé yẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bá 'iná ń lọ, iná ń bọ̀' pàdé níbẹ̀? Wọ́n á ní ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣe é."

"Òwe kọ́ ni mo pa síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni mo kọ. Ẹ tìtorí ìtìjú gé e, ẹ wá fi orúkọ mi sílẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lo fẹ́ràn orúkọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀pà dànù lọ́wọ́.

"Ìbéèrè rẹ̀ ńkọ́?" Suwaibat bi í. "Ọjọ́ ajé ló dé ọ̀dọ̀ yín."

"Mo rí i. Mo ní ìpàdé. Mo rò pé ó lè dúró."

"Ẹja kì í dúró!"

Ohùn rẹ̀ ta dé ẹnu ọ̀nà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nínú ọ́fíìsì yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ kó pariwo rí. Múyìwá dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

"Gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á bi ọ́. Ohun tí wàá sọ kò pọ̀. Wàá ní àlàyé náà yé ènìyàn, pé Onoriode ló kánjú, pé ó yẹ kó dúró de èsì. Ó tán. Wọ́n á bá a wí, a máa lọ sílé."

"Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá rẹ ń wa tírélà ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò halẹ̀ mọ́ ọ o. Mo kàn ń rán ọ létí pé ẹbí ni wá. Ìsẹ́yìn kan náà ló bí wa."

Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Bàbá tó ń wí yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Suwaibat ń gbé ní Àjégúnlẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe kírun tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá kò ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì pè é.

"Ẹ̀gbọ́n Múyìwá ti pè mí. Wọ́n ní o gbójú sókè sí ọ̀gá rẹ."

"Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ni, Bàbá."

"Ìbéèrè kọ́ nìyẹn," ìyàwó Bàbá, Ràbíátù, wí láti ìdí sítóòfù. "Ìwé àyálò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń ka ìwé tí kò ní ìparí, ṣé ó lè mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí?"

"Ìyá, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni? Àbí ó ti fẹ́ ẹ? Tí kò bá fẹ́ ẹ, jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a jà."

Bàbá ní kí Ràbíátù sinmi ẹnu. Ó ń fi ìka fa etí ẹní náà, kò wo ojú Suwaibat.

"Òótọ́ tí o ń wí, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ọ̀dọ́ ni ọmọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá lé e ní Olódì, á ríṣẹ́ ní Ìkòròdú. Èmi, bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ mi lónìí, ta ló máa wo ewú orí mi kó tún fún mi ní òmíràn? Mi ò pa ọ́ láṣẹ, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́ ni."

Ó ì bá sàn kí ó pa á láṣẹ. Suwaibat mọ bí a ṣe ń bá àṣẹ jà, ó ti kà á nínú ìwé tó pọ̀. Àmọ́ kí àgbàlagbà jókòó sórí ẹní ìrun, kó máa bẹ ọmọ tó ń bọ́, kí la ń fi bá ìyẹn jà? Inú bí i sí Múyìwá tó rán an. Inú bí i sí ẹ̀gbọ́n Múyìwá tó ní tírélà. Inú bí i sí Bàbá pàápàá tó rọrùn láti rán bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í pé inú bí i sí i. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ Ràbíátù, ó sì fọ̀ ọ́ títí tí àwòrán òdòdó ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí kúrò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n kó àga sí àgbàlá ilé yìnyín Alájà Àdùfẹ́. Wọ́n ti fọ ilẹ̀, òórùn ẹja náà kò lọ. Alájà jókòó sáàárín, obìnrin títóbi, awò ojú rẹ̀ fi okùn kọ́ ọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus tó ní ilé yìnyín kejì ládùúgbò jókòó ní ọ̀tún rẹ̀, àwọn onílé yìnyín mìíràn sì tò lọ sẹ́yìn wọn. Múyìwá wọ kóòtù. Ó mú Bàbá dání, ó sì fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níbi tí Suwaibat kò ti lè ṣe kó má rí i.

Onoriode ti dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Alájà, ẹ foríjì mí. Mo gbà."

"O gba kí ni?"

"Mo gba gbogbo ẹ̀, Mà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ."

"Èyí tó gbà kò ju bó ṣe rí lọ," Múyìwá wí pẹ̀lẹ́. "Àlàyé wà níbẹ̀. Ó kánjú ni. Ọ̀dọ́ ni, Alájà, ẹ fojú fò ó, ẹ fi sídìí iṣẹ́ tí kò ní wàhálà."

Suwaibat ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù náà. Ó ń tọrọ ìdáríjì ohun tí kò ṣe, ó sì ń tọrọ rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ẹ̀bẹ̀ ló ń yára tán jù. Gbogbo àgbàlá ń mi orí. Ó ti fẹ́ parí.

"Ọmọbìnrin," Alájà yíjú sí i, "orúkọ rẹ ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Àlàyé yẹn, ṣé ó yé ènìyàn àbí kò yé ènìyàn?"

Bàbá tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Alájà, ẹ má bi mí," Suwaibat wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fúnra yín. Kọ̀ǹpútà náà wà nínú ilé."

"Èyí kò pọn dandan," Múyìwá wí.

"Ta ló bi ọ́, Ẹnjiníà?" Alájà ní kí wọ́n gbé e wá. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sí imú, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka orúkọ níbi ìsọmọlórúkọ. "Ìbẹ̀rẹ̀... aládàáṣe... lẹ́yìn ìdákú. Ta ló dákú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Bí kò bá dá ọ lójú, sọ pé Rárá." Ó gbójú sókè. "Kò dá mi lójú o. Sylvanus, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ta ló fẹ́ dá lójú, Alájà? Ìdákú kẹ̀?"

"Èmi náà tẹ Rárá nìyẹn." Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó wá dúró jẹ́ẹ́, awò ojú ní imú, ọwọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń wo ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rín tán ní àgbàlá. "Ẹnjiníà, ẹja mi ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yìí, àbí?"

Múyìwá yíjú sí géètì.

"Ó sì béèrè, Mà," Suwaibat wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dúró mọ́. "Kò kánjú. Ọjọ́ ajé ló béèrè lọ́wọ́ wa. Ọjọ́rú ni ìbéèrè rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ibo ni ìbéèrè náà sùn?"

Gbogbo ojú yí sí Múyìwá. Ó fọwọ́ kan kóòtù rẹ̀, ó ní, "Lórí fóònù mi ni, Alájà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́."

"Onoriode, dìde nílẹ̀. Dìde! Mo ní kí o dìde, o ń fi àyà gba òtútù. Lọ tan ẹ̀rọ mi. Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà láti òní lọ, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn níbí, kó wí." Kò sẹ́ni tó wí. "Èyí tó kù láàárín èmi àti ìwọ, Ẹnjiníà, a máa jókòó sọ ọ́, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ."

Onoriode dìde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Suwaibat, kò dúpẹ́. Ó kàn ní, "Suwai, o pẹ́ kó o tó sọ̀rọ̀," ó sì sáré wọlé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Múyìwá bá Suwaibat ní ẹnu géètì. Bàbá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀nà kún fún tírélà tó ń dúró de àyè láti wọ wáàfù, ariwo wọn sì jẹ́ kí Múyìwá súnmọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó dára. O ti jà, o ti borí. Mi ò bínú. Lọ́jọ́ ajé, padà síbi iṣẹ́, kí o kọ gbogbo àlàyé bó o ṣe fẹ́. Gbólóhùn mẹ́wàá, bó o bá fẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kan án mọ́. Ìwé ìlò àpótí náà pàápàá, ìwọ ni kó o kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Fún ìṣẹ́jú kan, Suwaibat fojú inú rí ìwé náà. Ó rí èèpo rẹ̀, ó rí àwọ̀ rẹ̀, ó rí ẹnì kan ní Kútọnù tó ń ṣí i.

"Àwọn àpótí tó ti wà níta ńkọ́?" ó bi í.

"Èyí tó bá wá fún àtúnṣe, a máa yí i padà. Díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni pé kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo wọn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ́fíìsì á dàrú. Tírélà Bàbá kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn, mo fi dá ọ lójú."

"Títí tí wọ́n á fi wá fún àtúnṣe, iná á ti lọ mélòó?"

"Suwaibat."

"Wọ́n ti kọ́ ètò náà bẹ́ẹ̀ sí ilé yìnyín gbogbo ọ̀nà wáàfù. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ní kó dọ̀bálẹ̀ bí ti Onoriode."

"Sọ pé o gbọ́," Múyìwá wí. "Níwájú Bàbá. Sọ pé o gbọ́."

Bàbá dúró ti táyà tírélà kan, ó fi ọwọ́ lé e bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò. Suwaibat wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Múyìwá ló kọjú sí, kò sì pariwo.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá Múyìwá. Mi ò ní padà síbi iṣẹ́ yín lọ́jọ́ ajé. Láti ọ̀la lọ, mo máa lọ sí gbogbo ilé yìnyín tí àpótí yín wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa sọ fún wọn ohun tí wọn ò fi sínú ẹ̀, mo máa sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa tún ètò náà kọ́, mo sì máa sọ pé ẹ̀yin lẹ gé àlàyé ẹ̀. Bí ẹ bá máa gba tírélà lọ́wọ́ Bàbá nítorí ẹ̀, ẹ máa gbà á. Mi ò ní dákẹ́."